Ohùn Tó Ń Pè Mí Lẹ́yìn Bẹ́ẹ̀dì

Fàtímọ̀ mi, Àṣàkẹ́,

Ṣé ara rẹ le ní Abúlé Ẹ̀gbá tí o kó lọ? Bàbá rẹ ní kí n kí ọ, ó ní àga tí òun ń kàn fún ọ kù díẹ̀ kó parí. Ṣọ́ọ̀bù ni mo ti ń kọ lẹ́tà yìí, níbí ní Ẹgbẹ́dá, lójú ọ̀sán. Mo ti pa máṣíìnì, mo sì ti fa aṣọ bo ẹnu ọ̀nà kí oníbàárà má bàa wọlé.

Nígbà tí o pè mí lánàá, inú rẹ ń dùn. O ní lọ́jọ́ Mọ́ńdè lo máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù ìtọ́jú àkànṣe, ibi tí ẹ̀yin nọ́ọ̀sì ń pè ní ICU. O ní ohun àkọ́kọ́ tí o máa ṣe ni pé wàá sọ fún àwọn ẹbí kí wọ́n máa gba ohùn àwọn ọmọ tí aláìsàn bí sínú fóònù, kí ẹ lè máa gbé e sí i létí. O ní, "Màámi, ṣebí ohùn tèmi ló jí yín nígbà yẹn?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà mo ní ẹnìkan ń kanlẹ̀kùn, mo sì pa fóònù. Kò sí ẹni tó ń kanlẹ̀kùn.

Ọmọ mi, ohùn rẹ kò jí mi. Ẹ̀rù ló bà mí. Ọdún kẹrìndínlógún rèé tí mo ti ń fi ọ̀rọ̀ yìí pamọ́ fún ọ, èmi ìbá sì gbé e wọ sàréè bẹ́ẹ̀ ká ní iṣẹ́ mìíràn lo fẹ́ ṣe. Má kà á nínú ọkọ̀. Délé ná, kí o jókòó.

O rántí pé táífọ́ọ̀dù ló lu ìfun mi. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ọ́, Ìgàndò là ń gbé. Ohun tí o kò mọ̀ ni pé ó ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí mo ti ń gbé ibà náà káàkiri. Àwọn ilé ìwé fẹ́ wọlé, yúnífọ́ọ̀mù kún ilẹ̀, mo ní n ó rán wọn tán ná. Nígbà tí bàbá rẹ gbé mi dé ilé ìwòsàn, inú mi ti le bíi pákó. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi, wọ́n sì gbé mi lọ sí wọ́ọ̀dù yẹn. Wọ́n ki rọ́bà sí mi lọ́fun kí ẹ̀rọ lè máa bá mi mí. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ni wọ́n ní mo lò níbẹ̀.

Lójú tèmi, kò sí ọjọ́ kankan níbẹ̀. Iná kì í kú, ilẹ̀ kì í ṣú. Mo rí i pé gbogbo yàrá náà ń sọ̀ kalẹ̀ sínú ilẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń sọ garawa sínú kànga. Àwọn tó ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń rìn, ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ ìró ẹsẹ̀. Obìnrin kan sì wà níbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì mi. Ó ga, ó tín-ín-rín, ó fi nǹkan dúdú bo orí, kò sì ní ojú. Mi ò rí i kó rìn rí. Ṣùgbọ́n bí mo bá di ojú mi tí mo sì tún un là, á ti sún mọ́ mi.

Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn rẹ. Ẹ̀yìn orí mi ló ti wá, níbi tí ọrùn mi ò lè yí dé.

"Màámi, mo wà níbí. Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká lọ sílé."

Ó dákẹ́. Ó tún sọ ọ́. Bó ṣe sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ náà ló ṣe sọ ọ́, kò yára, kò falẹ̀, kò sunkún, kò rẹ̀ ẹ́. Mo mọ̀ pé wọn ò gba ọmọdé láyè níbẹ̀, nítorí náà mo gbà pé ńṣe ni wọ́n mú ọ, pé wọ́n ti tì ọ́ mọ́ ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀dì mi. Mo fẹ́ kígbe, rọ́bà wà lẹ́nu mi. Mo fẹ́ nawọ́ wá ọ, wọ́n ti fi aṣọ so ọwọ́ mi mọ́ irin bẹ́ẹ̀dì kí n má bàa fa rọ́bà yọ.

Ìgbà tó yá, obìnrin náà sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ìyá Fàtímọ̀, ṣé o fẹ́ lọ sílé?" Ó ní ọmọ máa dúró o. Ó ní tí mo bá gbà, kí n mi orí.

Mo mi orí, Àṣàkẹ́. Ohun tí mi ò lè sọ fún ọ láti ọjọ́ yìí nìyẹn. Mo rò pé mo fi ọ́ sílẹ̀ kí èmi lè jáde.

Nígbà tí mo lajú dáadáa, rọ́bà ti kúrò lẹ́nu mi, bàbá rẹ ń ṣe Alhamdulilahi, ó ń sunkún. Gbogbo àwọn tó wá kí mi ń sọ pé kí n dúpẹ́. Mo dúpẹ́. Ta ni n ó sọ ohun tí mo ṣe fún?

Èyí ni èkínní nínú ohun tí mo fẹ́ kí o mú lọ síbi iṣẹ́. Kí aláìsàn kan tó kúrò lọ́wọ́ yín, fa àga tì í, kí o bi í pé, "Kí lẹ rí níbí?" Má bi í bóyá ó rí nǹkan kan. Tó o bá bi í bẹ́ẹ̀, á ní òun ò rí nǹkan kan. Èmi náà ìbá sọ bẹ́ẹ̀. Ojú á tì í, ẹ̀rù á bà á pé wọ́n á ní orí òun ti dàrú. Bi í bí ẹni tó ti mọ̀ pé ó rí nǹkan.

Lọ́jọ́ tí wọ́n dá mi sílẹ̀, bàbá rẹ gbé mi délé. O sáré jáde láti inú ilé, o dì mọ́ mi lẹ́sẹ̀, o gbójú sókè, o ní, "Màámi, mo wà níbí."

Ohùn kan náà. Ọ̀rọ̀ kan náà, bó ṣe wà nínú wọ́ọ̀dù yẹn gẹ́lẹ́. Mo wo ojú rẹ, ojú rẹ ni. Mo wo ọwọ́ rẹ, ọwọ́ rẹ ni. Mo wá sọ fún ara mi pé wọ́n mọ iṣẹ́ wọn ṣe. Wọ́n ti fi ẹlòmíràn rọ́pò ọmọ mi.

Mo sọ fún ọ pé, "Ẹ ṣeun."

Bàbá rẹ rẹ́rìn-ín, ó rò pé eré ni. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, "ẹ" ni mo fi ń bá ọ sọ̀rọ̀, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí mo fi ikùn mi bí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú omi. Ẹ ti jẹun? Mi ò lù ọ́, mi ò bá ọ wí, mi ò gbé ọ mọ́ra. Mi ò di irun rẹ mọ́, Ìyá Ṣẹ́gun tó ń gbé ní yàrá kejì ló ń bá mi dì í. Mo ń ṣe pẹ̀lẹ́ sí ọ bí ẹni tó ní àlejò tí kò mọ ibi tó ti wá.

Nǹkan kan tún wà. Lójoojúmọ́ tí mo bá ti bu oúnjẹ ọ̀sán tán, mo máa ń bu díẹ̀ sínú abọ́ kékeré tó ní ìdérí, n ó dé e, n ó sì gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ọmọ mi tó wà lọ́hùn-ún ni mo bù ú fún. Tí mo bá padà lọ wò ó nírọ̀lẹ́, òfìfo ni. Ó ti jẹ ẹ́. Inú mi á dùn, omi á sì bọ́ lójú mi, nítorí mo gbà pé o wà láàyè níbi tí mo fi ọ́ sí, pé o ń wá jẹun láìjẹ́ kí n rí ọ. Ó pẹ́ gan-an kí n tó mọ̀ pé ìwọ lo ń ṣí i jẹ. O rò pé ẹ̀bùn ìkọ̀kọ̀ ni màmá rẹ ń gbé pamọ́ dè ọ́.

Kò sí ẹni tó mọ̀. Bàbá rẹ rí i pé mo yàtọ̀, ṣùgbọ́n ó ní àìsàn ńlá ni, ara á bọ̀ sípò. Irun mi ń já. Ohùn mi ha. Mi ò lè fi okùn sínú abẹ́rẹ́. Bí mo bá gun àtẹ̀gùn mẹ́ta, àyà mi á máa lù kìkì. Ìyá Ṣẹ́gun ní, "Ẹ má sọ pé ó rẹ̀ yín mọ́, Ìyá Fàtímọ̀. Ẹni tó rí ikú tó padà bọ̀, ọpẹ́ ló kàn án." Ó fẹ́ràn mi, kò sì mọ̀ pé ńṣe ló ń fi ọ̀rọ̀ náà pa mí lẹ́nu mọ́. Má sọ ọ́ sí aláìsàn rẹ láéláé. Ẹni tó ń dúpẹ́ lè máa bẹ̀rù lọ́wọ́ kan náà.

Wọ́n fún mi ní káàdì o. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn tí mo délé, kí n padà wá kí wọ́n wo àyà mi, ọgbẹ́ mi, àti bí mo ṣe ń rìn. Mo tẹ̀ ẹ́ sábẹ́ mátírẹ́ẹ̀sì. Bàbá rẹ bi mí, mo ní wọ́n ti sún un síwájú. Irọ́ ni. Mi ò fẹ́ kí obìnrin yẹn tún rí mi. Nítorí náà, Fàtímọ̀, má fi káàdì lé aláìsàn nìkan lọ́wọ́. Pe ẹni tó wá mú un lọ sílé, sọ ọjọ́ náà fún un, kí ó tún un sọ fún ọ. Tí ọjọ́ bá pé tẹ́ ò rí wọn, pè wọ́n. Ẹni tí kò padà wá, ẹ má kàn gbà pé ara rẹ̀ ti yá.

Oṣù karùn-ún ni mi ò lè gbà á mọ́. Túsìdeè ni, o ti dé láti ilé ìwé, yúnífọ́ọ̀mù ṣì wà lọ́rùn rẹ. Mo ní, "Ẹ wọ bàtà yín. Ẹ jẹ́ ká lọ."

O ní, "Níbo là ń lọ, Màámi?"

Mo ní, "Ibi tí wọ́n ti mú yín wá."

O wọ bàtà rẹ. A wọ kọ́rópe dé Ìkọ̀tún, a tún wọ òmíràn. Ìwọ lo gba báàgì lọ́wọ́ mi, ìwọ lo di ìgbọ̀nwọ́ mi mú nígbà tí mo ń sọ̀ kalẹ̀ kí n má bàa ṣubú. Mo ń wò ọ́, mo ń sọ nínú ọkàn mi pé ọmọ oníwà tútù lèyí o, ẹni tó bí i á máa wá a.

Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù náà, nọ́ọ̀sì kan jáde wá. Sístà Bùsọ́lá ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Èkìtì, ó ti ń dàgbà lẹ́nu iṣẹ́. Ó dá mi mọ̀. Inú rẹ̀ dùn, ó ní, "Háà, Ìyá Fàtímọ̀!"

Mo fà ọ́ síwájú. Mo ní, "Mo dá eléyìí padà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú tèmi jáde."

Mo mọ̀ pé o gbọ́. O dúró níbẹ̀ pẹ̀lú báàgì mi lọ́wọ́. O ò sunkún. Láti ọjọ́ yẹn títí di òní, o ò bi mí rí ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀, èmi náà ò sì sọ. Ìdí rẹ̀ ni mo ń sọ yìí. Dárí jì mí.

Sístà Bùsọ́lá kò rẹ́rìn-ín, kò sì pariwo. Ó wo èmi, ó wo ìwọ. Ó mú ọ lọ jókòó sí àga tirẹ̀, ó fún ọ ní bẹ́bà àti bírò. Ó padà wá, ó jókòó tì mí lórí bẹ́ńṣì, ó ní, "Ẹ ti rìn jìnnà. Kí lẹ rí níbí, Ìyá Fàtímọ̀?"

Ẹni àkọ́kọ́ tó máa bi mí nìyẹn. Gbogbo rẹ̀ ni mo sọ. Ó gbọ́ ọ dé òpin, kò já lu ọ̀rọ̀ mi. Ó ní, "Ẹ̀yin nìkan kọ́. Wọ́n pọ̀ tí wọ́n ń rí irú rẹ̀ níbí. Àìsàn tó wọra tó báyìí, oògùn tó ń kunni lóorun, àìsùn, ẹ̀rọ tó ń dún, gbogbo rẹ̀ ló ń dà pọ̀ mọ́ ọpọlọ. Kò túmọ̀ sí pé orí yín dàrú. A ti ń retí yín láti oṣù mélòó kan sẹ́yìn."

Ó pe bàbá rẹ. Bó ṣe wà ní ṣọ́ọ̀bù ló ṣe wá, lẹ́búlẹ́bú pákó kún orí rẹ̀. Nígbà tí Sístà Bùsọ́lá sọ fún un, ó yọ fóònù rẹ̀ kékeré jáde, ó tẹ̀ ẹ́, ohùn rẹ sì jáde níbẹ̀ lójú ọ̀sán. "Màámi, mo wà níbí. Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká lọ sílé." Ó ní, "Èmi ni mo gbà á sílẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ìgbàkígbà tí mo bá wá, mo máa ń gbé e sí ẹ̀yìn ìrọ̀rí rẹ. Mo rò pé o máa gbọ́ ọ, o máa mọ̀ pé a ń retí rẹ." Bàbá rẹ tó o mọ̀ yìí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sunkún bí ọmọdé.

Sístà Bùsọ́lá mú mi wọlé lọ wo ibi tí mo sùn sí. Ó fi irin gíga tó wà níbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, tí wọ́n ń gbé omi oògùn kọ́, hàn mí. Ó ní oògùn kan wà tí kì í fẹ́ ìmọ́lẹ̀, wọ́n máa ń fi ọ̀rá dúdú bò ó lórí. Ó ní kí wọ́n tó yọ rọ́bà lẹ́nu èèyàn, wọ́n máa ń bi í ní nǹkan láti mọ̀ bóyá ó ń gbọ́, òun fúnra òun ló sì bi mí pé ṣé mo fẹ́ lọ sílé, kí n mi orí. Mo bi í pé ta ló wá sọ pé ọmọ máa dúró. Ó ní, "Ìyẹn, mi ò ní nǹkan tí mo lè fi hàn yín."

Mo fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé kò purọ́ fún mi.

Má rò pé ibẹ̀ ló parí sí. Mo ti mọ̀, ṣùgbọ́n mímọ̀ náà kò tètè dé inú. Ọ̀pọ̀ oṣù ni mo fi ń lọ, tí mo ń bọ̀. Wọ́n fi mí mọ dókítà tó ń tọ́jú ìdààmú ọkàn, ó fún mi ní oògùn díẹ̀, ó sì ń jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Ẹlòmíràn ń kọ́ mi bí mo ṣe máa rìn, láti ilé wa dé òpó iná kejì, lẹ́yìn náà ìkẹta. Ní Ìgàndò, àwọn aládùúgbò ń wò mí bí mo ṣe ń ka òpó. Àwọn ọjọ́ kan wà tí mo máa ń padà sẹ́yìn, tí mo tún máa ń bu oúnjẹ sí abọ́ yẹn. Sọ fún àwọn aláìsàn rẹ pé irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ń bọ̀, kí wọ́n má bàa rò pé àwọn ti bà á jẹ́.

Mi ò mọ ọjọ́ tó kúrò lára mi. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ní ọjọ́ kan, o gbàgbé ìrẹsì lórí iná, ó jóná dúdú, mo sì gbọ́ tí mo pariwo láti yàrá, "Fàtímọ̀! Ṣé o ń sùn ni? Imú rẹ ò gbóòórùn ni? Wá síbí!" O sáré wọlé, o dúró, o ń wò mí. O bú sẹ́kún, o sì ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ kan náà. O ní, "Màámi, ẹ pè mí ní 'o'."

Ọ̀rọ̀ ohùn inú fóònù wá kù. Mi ò ní kí o má ṣe é. Ìfẹ́ ni bàbá rẹ fi ṣe é, ìfẹ́ ni ìwọ fi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n má gbé e sí ẹ̀yìn orí ẹnikẹ́ni. Gbé e síwájú rẹ̀, níbi tí ojú rẹ̀ wà. Sọ fún un ná pé fóònù lèyí, pé ọmọ wà nílé. Má jẹ́ kó máa sọ ọ̀rọ̀ kan náà léraléra. Kí ẹ sì máa kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́ sínú ìwé kan fún un, kí ó lè rí i kà nígbà tó bá délé pé báyìí làwọn ọjọ́ tí òun sọnù ṣe lọ. Èmi ò ní irú ìwé bẹ́ẹ̀. Títí di òní, ọjọ́ mọ́kàndínlógún yẹn, ohun tí mo rí nìkan ló wà níbẹ̀.

Máa sùn dáadáa ìwọ náà. Tí nǹkan tó o rí níbẹ̀ bá tẹ̀ lé ọ délé, má gbé e mọ́ra bí mo ṣe gbé ibà mọ́ra. Pè mí, ìgbà yòówù kó jẹ́.

Mo fẹ́ sọ ìkan sí i kí n tó ṣí máṣíìnì. Lọ́jọ́ tí Sístà Bùsọ́lá mú mi wọlé yẹn, bàbá àgbà kan ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì mi. Rọ́bà wà lẹ́nu rẹ̀. Ojú rẹ̀ ń tẹ̀ lé nǹkan kan tó ń rìn lẹ́yìn mi, díẹ̀díẹ̀, láti ẹnu ọ̀nà lọ sí igun yàrá. Mo yíjú padà. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo mọ irú ìwò yẹn, mo sì fẹ́ sá. Sístà Bùsọ́lá ní tirẹ̀ kò wo igun náà rárá. Ó bẹ̀rẹ̀ síwájú bàbá náà, ó gba ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní, "Bàbá, èmi Bùsọ́lá ni, nọ́ọ̀sì yín. Ọ̀sán Túsìdeè la wà. Ilé ìwòsàn lẹ wà. Àwọn ọmọ yín wà nílé. Kò sí ẹni tó máa mú yín lọ."

Ó tún un sọ, ó ń dúró dè é. Ó pẹ́ kí ojú bàbá náà tó kúrò ní igun yẹn, ṣùgbọ́n ó kúrò, ó sì wá dúró sójú Sístà Bùsọ́lá.

Ìyá rẹ tó bí ọ,
Rábíátù.